Jẹjẹrẹ ọmú ní Okpomèta: kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan la ò ní, ọjọ́ ló ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́

 

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan pè mí sílé wọn. Ìwé kan ló dé láti Cotonou, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní terminale ló kà á fún wọn. Ó kà á dáadáa, kò ṣì í, àmọ́ nígbà tó kà á tán, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kà. «Carcinome canalaire infiltrant.» Bàbá ilé ní: «Ṣé kánsà ni àbí kì í ṣe kánsà?» Ìyá tó ni ìwé ò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Èmi kì í ṣe dókítà. Mo lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì kà. Ohun tí mo rí ni mò ń kọ síbí, torí irú ìwé yẹn lè wọ ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Jẹjẹrẹ ọmú àti jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni méjì tó ń bá àwọn obìnrin Benin jà jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Carcinome: jẹjẹrẹ ni, kánsà tí bàbá ń béèrè. Canalaire: inú ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmú kì í ṣe ẹran lásán. Àwọn àpò kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ń ṣe omi ọmú, àwọn ọ̀nà tín-ín-rín sì wà tí ń gbé omi náà wá sí orí ọmú, kí ọmọ lè rí i mu. Ara ògiri àwọn ọ̀nà yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní OMS, sọ pé ó tó 85 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló wúwo jù. Bí wọ́n bá kọ «in situ», ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà ṣì wà ní ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀nà omi ọmú, ògiri ọ̀nà náà ṣì dì í mú. Kò tíì lè rìn lọ sí abíyá, kò lè lọ sí ẹ̀dọ̀, kò lè lọ sí egungun. Bó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n rí i, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó tó pa èèyàn. Bí wọ́n bá wá kọ «infiltrant», tàbí «invasif», ó ti já ògiri náà, ó ti wọ inú ẹran ọmú. Àgbẹ̀ ni wá, èèkan ò ṣàjèjì sí wa. Èèkan tó hù sínú ìkòkò, wàá da ìkòkò nù, ó parí. Èèkan tó ti na gbòǹgbò sábẹ́ ilẹ̀, wàá ro ibẹ̀ tán lónìí, lẹ́yìn òjò méjì o tún bá a níbòmíì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: «infiltrant» kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyẹn. Infiltrant kékeré wà tí kò tíì kúrò nínú ọmú. Infiltrant ńlá wà tó ti gba abíyá, tó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa kọ sórí ìwé méjèèjì. Bó ṣe tóbi tó, ibi tó dé, àti irú tó jẹ́, ìyẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sọ̀rọ̀ nípa stade 1 títí dé stade 4.

Nígbà tí mo ṣàlàyé dé ibí, ìyá náà gbójú sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: «Ṣé ká ní mo tètè lọ ni, ṣé èyí àkọ́kọ́ ni wọn ì bá kọ fún mi?» Kókó náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń kórè àgbàdo ọdún tó kọjá.

Ìdáhùn tòótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ «in situ» kì í ní kókó tí ọwọ́ lè bà. Ẹ̀rọ mammographie ló ń rí i: ó máa ń hàn nínú fọ́tò bí ẹyọ iyọ̀ funfun wínníwínní. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn obìnrin tí ara wọn le ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ yẹn léraléra, nǹkan bí 1 nínú 5 jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń rí ló jẹ́ in situ. Kí ẹ̀rọ náà tó gbòde lọ́dọ̀ wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí i. Ní Faransé, láti 2004 ni ètò náà ti kárí orílẹ̀-èdè: gbogbo obìnrin tó wà láàárín ọdún 50 sí 74 ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí lọ́dún méjì méjì pé kó wá yẹ ọmú rẹ̀ wò.

Ìyàn tí wọ́n wá ń jà lọ́hùn-ún báyìí yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń rí in situ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà kan fi ń béèrè pé ṣé gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká fi abẹ sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní COMET. Àwọn obìnrin tí in situ tiwọn jẹ́ irú tó rọ̀ jù ni wọ́n yàn: wọ́n ní kí apá kan ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí apá kejì máa wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí tiwọn ti di infiltrant jẹ́ 5,9 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe abẹ, ó sì jẹ́ 4,2 láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ọdún méjì kéré, wọ́n ṣì ń bá a lọ. Àmọ́ ẹ wo bí ayé ṣe rí: àwọn kan ń rí i yá débi tí wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n fọwọ́ kàn án, àwa, ìgbà tó bá ti di egbò la tó ń wá ọkọ̀ lọ sí Cotonou.

Torí ẹ̀, tí oṣù ọ̀kìtóbà bá dé, tí wọ́n ní Octobre rose ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn èèyàn Cotonou wọ aṣọ rose tí wọ́n ń rìn ká ìlú, inú mi máa ń dùn sí i, àmọ́ mo máa ń bi ara mi pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. «Ẹ lọ ṣe mammographie.» Ẹ̀rọ yẹn ò sí ní Okpomèta. Bó bá tilẹ̀ wà, obìnrin tí kókó ò tíì yọ lára rẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́ jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa, kókó náà ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fọwọ́ bà á, wọ́n sì ti mọ ibi tó wà fún oṣù mẹ́fà, fún ọdún kan. Ohun tí wọ́n nílò ni kí ẹnì kan sọ ohun tó jẹ́, kó sì sọ ọ́ kíákíá.

Ní 2021, OMS gbé ètò kan kalẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú fún gbogbo ayé. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kí ó lé ní 60 nínú 100 àwọn tó jẹ́ infiltrant tí a máa rí ní stade 1 tàbí 2. Kí àyẹ̀wò parí láàárín ọjọ́ 60 sí ọjọ́ tí obìnrin kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Kí ó lé ní 80 nínú 100 tó máa gba ìtọ́jú wọn parí. Nọ́ńbà àárín yẹn ni mo fẹ́ ká dì mú. Ọjọ́ 60: oṣù méjì, àgbàdo tá a gbìn ò tíì gbó. Kò béèrè pé ká ní ẹ̀rọ olówó iyebíye ní abúlé. Ó béèrè pé kí ọjọ́ má ṣòfò.

Ibo wá ni ọjọ́ ń gbà lọ lọ́dọ̀ wa?

Ilé ni àkọ́kọ́. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ohun tí kò sì dunni, ta ló ń ná owó lé e lórí? Obìnrin á ní «kò dùn mí», á bọ́ sóko. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì: kókó tó le, tí kò dunni, tí kò sún kúrò lójú kan, òun gan-an ló yẹ kó lé èèyàn jáde nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ọmú tó sún kì bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó wọ inú lọ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lórí ọmú, kókó lábẹ́ abíyá. Ẹ má bẹ̀rù jù o: OMS sọ pé kókó ọmú tó tó 90 nínú 100 kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìtìjú ni ìkejì. Mi ò tíì lóye èyí tán. Àwa ọmọ Kétu, àwa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú ọjà, lójú gbogbo ayé, ọkùnrin á gbé ọmú onígi kọ́ àyà, á fi jó láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa, UNESCO pàápàá wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 2001. Àmọ́ nínú ilé, obìnrin ò lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé «ẹ wo ibí yìí fún mi». Ìyá tí mo ń sọ yìí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, níbi tó ti ń bá a wẹ ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtọ́jú ilé: àgbo, gbẹ́rẹ́, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ọ̀rọ̀ «ta ló ṣe é sí ọ». Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa tó ń ṣe egbòogi mọ ohun púpọ̀, àwọn kan nínú wọn sì máa ń sọ pé «lọ ṣe àyẹ̀wò ná, kó o padà wá». Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, àpọ́nlé tirẹ̀ ni. Èyí tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ má gbà ni kí wọ́n fi abẹ là á bí eéwo.

Ilé ìwòsàn náà ń jẹ ọjọ́, ká sọ òótọ́. Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú bá dé pẹ̀lú kókó, wọ́n á ní ọmú ló wú, wọ́n á fún un ní oògùn ìkún. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kókó náà ò lọ, kì í ṣe oògùn ìkún kejì ló kàn, ìwé tó máa gbé e lọ síwájú ló kàn. Zone sanitaire tiwa ni Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétou, hôpital de zone sì wà ní Pobè. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti pinnu ẹni tó máa lọ sí Porto-Novo tàbí CNHU ní Cotonou.

Bí wọ́n bá dé Cotonou, biopsie ló kù. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà anapath tó máa wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló ń tú àrùn náà ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí abẹ́rẹ́ yẹn, kò sí dókítà tó lè mọ oògùn tó yẹ. Àwọn dókítà anapath ò pọ̀ ní Benin, nítorí náà ẹ máa pe fóònù béèrè, ẹ má jókòó kí ìwé fúnra rẹ̀ wá bá yín.

Ìwé kejì ṣì wà o. Lẹ́yìn «carcinome canalaire infiltrant», ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè nípa RE, RP àti HER2. Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ irú tó jẹ́. Bí RE bá jẹ́ positif, oògùn oníhóró kan wà tí wọ́n ń pè ní tamoxifène, ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò ó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ négatif, tamoxifène ò ní ṣiṣẹ́, kimó ni wọ́n máa gbára lé. Irú ìkẹyìn yìí, triple négatif, wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju àwọn òyìnbó lọ, ó máa ń yára, ó sì máa ń mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tó fi èyí han ayé: Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó di ẹni ńlá ní Yunifásítì Chicago. Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Nǹkan bí 1 nínú 8 wọn ló jogún rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ bá ti ní in nígbà tó ṣì kéré, kó sọ ọ́ fún ìyá agbẹ̀bí. Kò ní kó dúró de ọdún 50 bíi ti àwọn ará Faransé.

Àmọ́ ṣé a lè ṣe nǹkan kan láìsí mammographie? Ẹ wo Íńdíà. Ní Mumbai, láti 1998, wọ́n kó àwọn obìnrin tó lé ní 150 000 jọ, ọjọ́ orí wọn jẹ́ 35 sí 64. Fún ìdajì wọn, obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, tí kì í ṣe dókítà, ló ń fọwọ́ yẹ ọmú wọn wò lọ́dún méjì méjì. Lẹ́yìn ogún ọdún, ní 2021, wọ́n sọ àbájáde rẹ̀: wọ́n ń rí àrùn náà nígbà tó ṣì kéré, láàárín àwọn tó ti lé ní ọdún 50, ikú jẹjẹrẹ ọmú sì fi nǹkan bí 30 nínú 100 dín kù. Fún àwọn tí kò tó 50, wọn ò rí i kí ikú dín kù, ó yẹ kí n sọ ìyẹn náà. Síbẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ tí wọ́n kọ́.

Ọwọ́ yẹn, a ní i. Àwọn ìyá agbẹ̀bí wa wà, àwọn relais tí ń wọ ilé dé ilé wà. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, gbogbo ìyá ọlọ́mọ máa ń pé jọ, àwọn ìyá àgbà sì máa ń gbé ọmọ tẹ̀ lé wọn. Èrò tèmi ni pé kí mairie àti zone sanitaire kọ́ àwọn obìnrin yìí, kí wọ́n fún wọn láṣẹ láti kọ ìwé tó máa gbé aláìsàn lọ sí Pobè lọ́jọ́ kan náà. Kí ìyẹn ṣáájú aṣọ rose.

Ẹ̀rù ńlá kan ṣì kù, mo sì mọ̀ pé òun ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró: «Wọ́n á gé ọmú mi, màá sì kú náà.» Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀. Betty Anyanwu-Akeredolu, ọmọ Ìgbò ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ní 1997 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ó gba ìtọ́jú, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Ní 2017, ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó di aya gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mi ò sọ pé gbogbo èèyàn ló máa rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà, tó jáde ní 2020, àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta jẹ́ 36 péré nínú 100, torí pé ọ̀pọ̀ wọn pẹ́ kí wọ́n tó dé, ìtọ́jú sì ń já lágbedeméjì. Ẹni tí kókó rẹ̀ kéré, wọ́n lè yọ kókó nìkan kí ọmú ṣì wà, àmọ́ ó sábà máa ń gba ìtànṣán lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, kò sí ẹ̀rọ ìtànṣán ní Benin, ẹni tó bá nílò rẹ̀ ní láti jáde kúrò lórílẹ̀-èdè. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n máa gé odindi ọmú lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ìwà ìkà dókítà.

Owó ńkọ́? Mi ò ní parọ́ fún yín, ibẹ̀ ló ti le jù. Láti Okpomèta dé Cotonou lé ní 100 kìlómítà. Kimó kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pè é padà. Ohun tí mo rí pé ó ń já ìtọ́jú lójú ọ̀nà kì í ṣe owó oògùn nìkan: owó ọkọ̀ ni, ibi tí èèyàn máa sùn sí ni, ta ló máa dáná nílé. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ èsúsú kan ládùúgbò ìyá yìí ti sọ pé owó ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn ló máa san án. Wọn ò pe ìpàdé ńlá lórí rẹ̀. Ẹnì kan ló dá a lábàá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀pà, àwọn yòókù ní ó dáa.

Àti ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀yin náà ní ọmú. Nǹkan bí 1 nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ara ọkùnrin ló ti ń yọ. Bàbá tó bá rí kókó lẹ́yìn orí ọmú rẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ti ìbéèrè ìyá yẹn, mo padà lọ dá a lóhùn. Mo ní kò dájú pé wọn ì bá kọ in situ. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé infiltrant náà ni wọn ì bá kọ, àmọ́ èyí tó kéré ju báyìí lọ. Ó mi orí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni òní. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní terminale ti ra káyé kan: ó kọ ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí kókó náà, ọjọ́ tí wọ́n dé Pobè, ọjọ́ biopsie, ọjọ́ tí ìwé dé. Ó kà á: ọjọ́ 143. Kimó àkọ́kọ́ ti kọjá nígbà tí mo ń kọ èyí, ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ ni ìkejì, ọkọ̀ á sì gbéra ní aago márùn-ún àárọ̀.